Orí Tí Mo Mì

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé odidi ata rodo mì. Inú ń bí mi sí Sùrájù. Inú ń bí mi sí ọkọ mi. Inú ń bí mi sí ọkùnrin kan ní Agbóyi tó so awọ ẹran mọ́ ọkọ mi lápá. Ẹni tí inú sì ń bí mi sí jù lọ, ẹ máa mọ̀ ọ́n kí n tó dákẹ́.

Adédiwúrà lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Aunty Nọ́ọ̀sì ni gbogbo Mile 12 ń pè mí. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ní ọsibítù aládàáni kan ní Ogudu kí n tó kúrò níbẹ̀, tí mo wá gbé tábìlì mi kalẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ìlà tàtàṣé. Mò ń yẹ BP wò, mò ń yẹ ṣúgà wò, mo sì ń lé ènìyàn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó ṣubú lulẹ̀. Àwọn aláàárù, àwọn awakọ̀ tírélà tó ti Kano dé, àwọn ìyá aláta, èmi ni gbogbo wọn ń na apá sí. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dákẹ́, ojú wọn á yí padà. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé agbára ni ìyẹn.

Bọ̀wálé lọkọ mi. Ọmọ Ìgbòho ni. Òun àti Sùrájù jọ wọ mọ́tò kan náà wá sí Èkó nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu wọn, wọ́n jọ ru apẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ sùn sórí àpò àlùbọ́sà. Nígbà tí alága ìlà tàtàṣé kú lóṣù kejì ọdún yìí, àwọn àgbà ìlà yan ọkọ mi sípò rẹ̀. Alága ló ń sọ tírélà tó máa kọ́kọ́ já ẹrù àti ibi tó máa dúró sí. Sùrájù tó ti ń ṣe igbákejì láti ọdún mẹ́fà ti rán agbádá ìwúyè sílẹ̀. Ó ká a, ó fi í sínú àpótí, ó wá kí ọkọ mi kú oríire.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ọkọ mi. Èmi ni mo rí i lára rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Tábúlẹ́ẹ̀tì funfun kékeré kan láràárọ̀, iyọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, ó sì ń lọ déédéé. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ alága, 130 lórí 84 ni. Ohun tí mò ń ṣọ́ nìyẹn, bí ìyá ṣe ń ṣọ́ ọmọ tó ń rìn létí kànga.

*

Àmì àkọ́kọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lóṣù kẹta. Oòrùn ti yọ, tírélà méjì ti dúró. Bọ̀wálé ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù alága, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ẹsẹ̀ náà sì rì sínú nǹkan pupa tó ki, tó tutù, dé kókósẹ̀. Ìyẹ́ ẹtù léfòó lórí rẹ̀. Ìyá kan lẹ́yìn rẹ̀ figbe ta, àwọn aláàárù sì gbé ẹrù sílẹ̀.

Mo sáré débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. "Tòmátò tó ti jẹrà ni o! Ẹ wá gbóòórùn ẹ̀ fúnra yín! Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń rùn báyìí ni?"

Bàbá Àyàntúndé, ẹni tó dàgbà jù lórí ìlà, na ọ̀pá rẹ̀ sí ìyẹ́ ẹtù. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "tòmátò kì í hu ìyẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dúró lójú kan náà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo so bẹ́líìtì BP mọ́ ọn lápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, 162 lórí 98 ló fi hàn.

"Daddy Success, ẹ gbọ́ mi," mo ní. "Tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara máa ń múra eré sísá ni. Ọkàn á máa lù kìkìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa fi ipá gba ibi tóóró. Tó bá jẹ́ ajá ló ń lé yín, kò burú, ajá máa tó padà, ara á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá ọ̀hún wà nínú orí ẹ̀, ìgbà wo lọkàn ẹ̀ máa sinmi? Ẹ̀yin tí iṣan yín ò tiẹ̀ rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́? Ibi tó bá ti sú u ló máa bẹ́."

Ó wò mí bí ẹni pé mò ń sọ èdè ará Ṣáínà. "Mummy Success," ó ní, "ta ló da nǹkan yẹn síbẹ̀?"

Níbẹ̀ ni wọ́n ti borí mi.

*

Sùrájù wà lẹ́yìn tapólì tirẹ̀, ó ń wò wá. Ohun gbogbo tí mo bá sọ nípa rẹ̀ níbí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú omi lójú. Mi ò fi ohunkóhun kún un.

Ó ti lọ bá ọkùnrin kan ní Ìṣẹrí Olówóòrà. Ilé alájà méjì, géètì dúdú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì nínú ọgbà. Ó ní tí wọn ò bá júwe rẹ̀ fún òun, òun ìbá rò pé ilé lọ́yà ni. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fún un ní ohun kan tí wọ́n fi aṣọ pupa dì, tí kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, ó ní kó rì í mọ́lẹ̀ níbi tí Bọ̀wálé ń gbà kọjá.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, sà?" Sùrájù bi í.

"Èyí tó wà nínú ẹ̀ kéré," ọkùnrin náà dáhùn. "Jẹ́ kó máa rí i pé wọ́n ń ta òun lọ́fà. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn, ọfà ti bà á."

Sùrájù rì í. Ó sì gba ìmọ̀ràn náà ju oògùn lọ. Garawa tòmátò jíjẹrà mẹ́rin ló gbọ́n, ìyẹ́ ẹtù ló lọ bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹtù lẹ́yìn ọjà. Ó ní nígbà tí òun rí bí ọkọ mi ṣe ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àánú ṣe òun fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan! Ẹni tí wọ́n jọ pín gààrí mu!

*

Èkejì gba orí fóònù wọlé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, Bọ̀wálé ń wẹ ojú, fóònù dún láìsí nọ́ńbà lójú rẹ̀. Ó gbé e. Mo gbọ́ ohùn náà láti ibi tí mo wà, ó rí bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

"Àdìsá."

Mo rò pé kò sí ẹnikẹ́ni l'Ékòó tó mọ oríkì ọkọ mi. Èmi gan-an, mi ò kì í pè é. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Ìyá ti lọ.

"Àdìsá o."

Láti kékeré ni gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n: bí ẹni tí o kò rí bá ń pè ọ́, má dáhùn. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, alága ìlà tàtàṣé, baba ọmọ, ṣí ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi?"

Wọ́n pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, kò sùn dáadáa mọ́. Á jókòó sórí àga ní pálọ̀, á máa fi ọwọ́ di àyà mú. Oúnjẹ kò gbádùn lẹ́nu rẹ̀. 176 lórí 104. Mo ní ká lọ rí dókítà, a lọ, dókítà fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan kún tirẹ̀, ó ní kó yé ro àròkàn. Ó rọrùn fún dókítà láti sọ. Mo mọ̀ pé ìlànà iṣẹ́ ni, èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àfi lọ́jọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún bí ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ̀kẹta ni àgádágodo. Nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti bá a, dúrọ́ọ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àgádágodo àtijọ́ tó ti dípẹtà, wọ́n tì í pa, wọ́n fi òwú dúdú we fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn lára. Èmi fúnra mi ló tú òwú náà.

*

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀wálé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agbóyi láìsọ fún mi. Nígbà tó dé, ó wọ bùbá alápá gígùn nínú ooru oṣù kẹrin. Mo gbé BP jáde, ó fà sẹ́yìn.

"Kò sí BP mọ́."

"Báwo ni kò ṣe sí BP mọ́?"

Ó ká apá aṣọ sókè. Ìfúnpá méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, awọ dúdú tó le, owó ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta lára wọn. Ó fún mọ́ ọn lára débi pé ẹran ara yọ sókè sódò.

"Bàbá Gafar tí mo lọ bá ní Agbóyi ní ohun mìíràn kò gbọdọ̀ fún apá yìí," ó ní, "àti pé oògùn òyìnbó kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun mi títí ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Tí mo bá rú u, ohun tí wọ́n rán sí mi máa bá ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí."

Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì jáde. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo pe Success ọmọ wa láti wá bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó ní ọrùn ọwọ́, ó ní ọrùn ọwọ́ náà apá ni. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó lẹ́sẹ̀, ó ní, "Mummy Success, ṣé ìwọ ló rán wọn sí mi ni? Kí ló dé tí o fi fẹ́ kí n tú u?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára títí dòní.

Mo lọ sí Agbóyi. Mo fẹ́ jà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni mo bá níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe lójú oòrùn, omi dúdú ń lu ilẹ̀ lábẹ́ ilé rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán: ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣan, ọkàn, tábúlẹ́ẹ̀tì tí a kì í já lójijì.

"Ìyàwó," ó ní, "oògùn tìẹ, ṣé ó sọ ẹni tó gbé àgádágodo síbẹ̀ fún un?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ó sùn lánàá?"

Òótọ́ ni, ó sùn lánàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

"Tèmi jẹ́ kó sùn," Bàbá Gafar ní, ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sunkún láti orí omi títí dé Kétu. Bí ọkùnrin náà bá ti so ìfúnpá kan ṣoṣo, tí kò sì fi òfin oògùn òyìnbó kún un, bóyá èmi ni ìbá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí ìfúnpá ti wà lápá rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Tírélà kan ti Sokoto dé. Bọ̀wálé ní kó dúró lápá ọ̀tún, Sùrájù pariwo láti ẹ̀yìn pé kó bọ́ sápá òsì. Ọkọ mi yí padà láti fèsì. Mo rí i láti ìdí tábìlì mi. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó wó sáàárín apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ní ọsibítù, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ so BP mọ́ ọn, ó rí ìfúnpá, ó wò mí. Mo ní kó fún mi ní sísọ́ọ̀sì.

"Má... gé e," ọkọ mi ní.

Mo gé e. Mo ń sunkún, mo sì ń gé e. Awọ náà le, mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ sísọ́ọ̀sì. Ó ń wo ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá láti ìdí àgádágodo náà. Tọ̀tún bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí tòsì bọ́, ó figbe kan ṣoṣo ta, igbe náà ni ohùn tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà fi 234 lórí 136 hàn.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ṣe é àbí gígé tí mo gé e? Mo mọ èsì tí ìwé kọ́ mi. Mo tún mọ ohun tí mo rí lójú rẹ̀.

Kò kú. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn ń wá kí mi, wọ́n ní ikú tó fẹ́ pani tó bá ṣíni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́. Eyín mi ló ń dún.

*

Wọ́n fi Sùrájù ṣe adelé alága. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà sídìí tábìlì mi, ó wá bá mi. Ó wọ agbádá ìwúyè rẹ̀.

"Aunty Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrọ́jú o. Alága wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi check tèmi. Èmi náà ń lo drugs, ẹ mọ̀ pé wàhálà ọ́fíìsì yìí kì í ṣe kékeré."

Wàhálà ọ́fíìsì! Mi ò tíì ní ẹ̀rí kankan nígbà náà, àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mo mọ ẹni tó mọ oríkì ọmọ Ìgbòho. Mo so bẹ́líìtì mọ́ ọn lápá, mo tẹ ẹ̀rọ. Ó kà, ó dúró. 136 lórí 84. Ó dáa bí nǹkan ṣe ń dáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Mo yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara mi. Mo wò ó pẹ́. Mo gbé ojú sókè wo Sùrájù, mo sì mi orí, sọ́tùn-ún, sósì, díẹ̀díẹ̀.

"Kí lẹ rí?"

Mo tú bẹ́líìtì. Mo ká a. "Ẹ máa lọ sílé, Ọ̀gá Sùrájù. Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín."

"Ahn-ahn, Aunty, kí lẹ rí? How much ni?"

"Ẹ máa lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kúrò lójú rẹ̀. Mo rí bó ṣe fi ọwọ́ kan àyà. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo bọ́ ọkọ mi ní ẹ̀kọ, mo sì kọrin.

*

Ọjọ́ kẹta ló padà wá. Tọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ wá. Kò tíì sùn láti ọjọ́ náà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè láàárín apẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Lójú àwọn aláta, lójú Bàbá Àyàntúndé, ó jẹ́wọ́: géètì dúdú, aṣọ pupa, tòmátò, fóònù, oríkì.

"Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ó ní. "Aunty, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo gbé lọ ló padà wá bá mi. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ rí?"

"Àgádágodo ńkọ́?" mo bi í.

Ó gbójú sókè. "Àgádágodo wo?"

"Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Mo fi àwọn ọmọ mi búra, èmi kọ́." Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù òpùrọ́. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa àgádágodo. Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní.

Níbẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Níbẹ̀ ló yẹ kí n ti fi ojú ẹ̀rọ hàn án, kí n ní, "Dìde, ara rẹ le, lọ máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ, kí Ọlọ́run dá ẹjọ́ rẹ." Mo rántí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi tó ń rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo ṣí ẹnu.

"Tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń wo èyí," mo ní. "Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í gbọ́ ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ mi gan-an nìyẹn."

Mo gbọ́ bí gbogbo ìlà ṣe mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Tọ́pẹ́ ló sọ ìyókù. Sùrájù ju tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú gọ́tà lójú ọ̀nà. Ó lọ sí Ìṣẹrí, ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun kò ṣí géètì, ó bá a sọ̀rọ̀ láti inú ihò kékeré: "Ẹni tó bá rán iṣẹ́ ló ń gba èsì." Ó lọ sí Agbóyi, Bàbá Gafar so ìfúnpá méjì mọ́ ọn. Ó ń gbọ́ tí fóònù ń dún nígbà tí fóònù kò dún. Ó ní àyà òun ń já bí ẹni tí wọ́n ń lé lórí àkìtàn. Ọkàn rẹ̀ kò rí ìsinmi tọ̀sán tòru, kò sì sí oògùn kankan lára rẹ̀ mọ́ tó máa dì í mú.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Ó bu omi sójú lẹ́ẹ̀kan, ó bu ú lẹ́ẹ̀kejì. Kò bu ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo sọ ikú Sùrájù fún ọkọ mi, ó fi ojú wá ojú mi. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó kù, ó na ìka sí àpò BP mi lórí àga, ó sì na ìka kan náà sí àyà mi. Mo jáde kúrò ní yàrá náà.

*

Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ mi ti kárí ọjà. Ìyá aláta kan dá tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà fún mi nínú ọ̀rá, ó ní ti òun náà, wọ́n fi ránṣẹ́ ni. Bàbá Àyàntúndé kò na apá sí mi mọ́. Mo gun orí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan, mo kígbe pé irọ́ ni mo pa, pé 136 lórí 84 ni mo rí, pé inú ló bí mi. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n káàánú mi. Wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì náà. Ọkùnrin Ìṣẹrí tí ń gba owó oògùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pa ju ènìyàn kan lọ. Tèmi ni kò ní ẹ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Tọ́pẹ́ wá. Ó ti jáde opó. Ó ti rù, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn orí rẹ̀ bí ẹni tí orí ń fọ́. Mo mọ ojú yẹn. Mo fa bẹ́líìtì yọ kíá, ó fi ọwọ́ bo apá. Apá bùbá rẹ̀ ti wú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

"Tọ́pẹ́. Ta ló so ìyẹn mọ́ ọ lápá?"

"Ẹni tó so ti Daddy wọn náà ni, Aunty."

"Daddy wọn ọ̀hún dà? Ọkọ tèmi dà?" Mo ti ń pariwo. "Wèrè ni gbogbo yín ni?"

"Ẹ má bínú, Aunty. Mi ò wá fún BP." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún mi. "Ẹ kàn bá mi wò ó bí ẹ ṣe wo Daddy wọn. Tí ẹ bá mi orí, kí n tètè lọ ṣètò ibi tí àwọn ọmọ máa wà."

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Mo ju bẹ́líìtì sílẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pé ara ọkọ rẹ̀ le lọ́jọ́ náà, pé ẹnu mi ló pa á, pé ẹ̀rù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó jù nù ló gbé e lọ. Mo ní orí tó ń fọ́ ọ yìí, tábúlẹ́ẹ̀tì máa wò ó, kó jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí.

"Ẹ fẹ́ fi ọkàn mi balẹ̀ ni," ó ní.

"Rárá, Tọ́pẹ́. Rárá o, ọmọ dáadáa. Kò sí ẹni tó rán nǹkan kan sí ọ. Rárá."

Ẹkún ń gbọ̀n mí, mi ò mọ ohun tí ara mi ń ṣe. Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó ti gbójú kúrò lẹ́nu mi, orí mi ló ń wò. Orí náà ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì.

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú tèmi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Aunty," ó dìde, ó sì gba àárín àwọn apẹ̀rẹ̀ lọ sílé.